Ẹ Bi Mí Ná Kẹ́ Ẹ Tó Yọ Ọ́

Owó orí, mo mọ̀ ọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì, ó yé mi, nítorí ọjọ́ ogbó ń bọ̀. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ta ló bi mí? Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí oṣù kan tí wọn ò yọ ọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣé màá bá àwọn ṣe. Kí owó mi tó dé ọwọ́ mi ni tiwọn ti wọ àpò.

Mo tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ lẹ ti di ọ̀kan nínú wa." Mo ní tí n kò bá wá fẹ́ ńkọ́? Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí. Ó wá ń pòwe fún mi pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ mi mú tipátipá, tẹ́ ẹ fi ń lu àyà mi, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ sísọ̀yà?

Kẹ́nikẹ́ni má pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá o. Mo mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó dá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ béèrè àfikún owó, ẹ̀bẹ̀ ló lọ bẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pọ̀ kó tó di ọ̀rọ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe fẹ́ lé obìnrin kan lọ lọ́sẹ̀ tó ti ìsinmi ìbímọ dé. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló dìde, tí wọ́n ní bí kò bá padà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́. Obìnrin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. N kò lè sẹ́ ìyẹn.

Mo sì mọ àwọn tí kì í fẹ́ dá kọ́bọ̀. Bí àfikún owó bá dé, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n máa san án. Wọ́n ń bí mi nínú! Irú wọn ni adájọ́ Ivan Rand rí ní Kánádà lọ́dún 1946, tó fi pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ford ní Windsor máa san owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́ náà. Ìyẹn tiẹ̀ ní làákàyè díẹ̀ nínú.

Tiwa ńkọ́? Ọ̀gá tó yẹ kí wọ́n máa bá fà á ni ó ń bá wọn gba owó lọ́wọ́ wa! Òun ló ń yọ ọ́, òun ló ń kà á fún wọn. Ẹ wá sọ fún mi bí èèyàn ṣe fẹ́ bá ẹni tó di àpò òun mú jà àjàkú. Nígbà tí owó sì dájú, bí wọ́n ṣiṣẹ́, bí wọn ò ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ máa wá mi fún? Mo lọ sípàdé lẹ́ẹ̀kan, mo béèrè ìṣirò owó. Wọ́n fún mi ní fìlà.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 1948. Abala 23 nínú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kálukú lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kó sì wọ̀ ọ́. Abala 20 ní a kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́ kankan. Lọ́dún 1981, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta tí wọ́n lé níṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí pé wọn ò wọ ẹgbẹ́ jàre nílé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní wọn ò gbọ́dọ̀ yọ owó ẹgbẹ́ lára òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fọwọ́ sí i. Adájọ́ márùn-ún ló fara mọ́ ọn, mẹ́rin kọ̀. Àwọn tó kọ̀ bẹ̀rù pé owó máa wọ́n ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe irọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ká ní wọ́n bi mí ni, ó ṣeé ṣe kí n gbà. Torí obìnrin yẹn nìkan, màá san án. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn: ẹ bi mí, ẹ fi ìṣirò hàn mí, màá fọwọ́ sí i. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fèsì.

Àná ni ìwé owó oṣù tuntun dé. Wọ́n ti yọ ọ́.