Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òwe tá a fi ń làjà láàrin àgbà àti èwe ni, àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá rí bí owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń rìn ní Nàìjíríà, òun ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Ẹ wo òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004. Ìjọba àpapọ̀ ni àgbàlagbà: ó ń yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tiẹ̀ níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kó iye kan náà sílẹ̀. Kèrègbè ni kíláàsì tí wọ́n máa kọ́ sí abúlé. Ọwọ́ Abuja ò wọ ibẹ̀.

Ìpín ọ̀hún sì dọ́gba. Kánò tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 44 àti Bayelsa tó ní 8, iye kan náà ni. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ẹ fún ìyá ọlọ́mọ méje àti ìyá ọlọ́mọ kan ní kóńgò gààrí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ padà lọ wo ìkòkò wọn lálẹ́.

Síbẹ̀, owó míì wà tó ń sùn sórí pẹpẹ fún ọdún púpọ̀, torí pé gómìnà ò mú tiẹ̀ wá. Wọ́n á ní kò sówó. Èmi kì í tètè gbà. Mo ti rí jíìpù tuntun tí wọ́n ń gùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé tí kò lórùlé.

Ní January 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó wà lọ́wọ́ ẹkùn náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ná an. Ọwọ́ kan tó pẹpẹ, ó tún wọ kèrègbè. Ìlà-Oòrùn gbìyànjú tiẹ̀ ní 1957. Nígbà tó fi máa di 1958, àpò ò gbé e mọ́, àwọn kíláàsì kan ti padà sí sísan owó. Ìpinnu kò yàtọ̀, àpò ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Abuja fa ọ̀rọ̀ ìpín, mi ò ní kẹ́ ẹ má fà á. Àmọ́ tí ẹ bá dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè ọdún tí ìpínlẹ̀ yín gba owó kẹ́yìn lọ́wọ́ UBEC, àjọ tó ń pín owó UBE yìí, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.