Èsì wa lórí òkúta eegun dáínásọ̀ tí ẹ rà

Ẹ ǹlẹ́ o, oníbàárà wa. A dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ ní ilà tín-ín-rín kan tó ń dán bíi gíláàsì la àárín òkúta eegun dáínásọ̀ (eegun ẹran ayé àtijọ́ tó ti di òkúta) tí ẹ fẹ́ fi ṣe òrùka kọjá, pé ó jọ pé ike ni a tà fún yín. Ẹ sì béèrè ibi tí a ti rí i.

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ilà náà. Gọ́ọ̀mù epoxy ni. Eegun yìí ti sán kí wọ́n tó wú u nílẹ̀, bí a bá sì gbé e sábẹ́ ayùn dáyámọ́ńdì bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí náà a kọ́kọ́ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù wọ inú rẹ̀ kó sì gan. Àwa la jẹ̀bi pé a kò kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. A ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n eegun gidi ni. Ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó: ẹ ó rí ihò kéékèèké tó fara ti ara wọn bí afárá oyin, tí méjì nínú wọn kò dọ́gba. Mùdùnmúdùn ló wà nínú ihò wọ̀nyẹn nígbà tí ẹran náà ń rìn, ní nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn; omi inú ilẹ̀ ló gbé sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn, wọ ibẹ̀ títí ó fi di òkúta, irin tó bá a wọlé ló sì fún tiyín ní àwọ̀ pupa tó mọ́ ketekete yẹn.

Ilẹ̀ aládàáni ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ló ti wá, nínú àpáta tí wọ́n ń pè ní Morrison Formation, ìwé tí onílẹ̀ fọwọ́ sí sì wà lọ́wọ́ wa. A ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. A kì í ra èyí tí wọ́n wú lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, nítorí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2009 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó irú eegun bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, èyí tí wọ́n bá sì fi ìwé àṣẹ kó, ti ìjọba ló ṣì jẹ́.

Bí alágbẹ̀dẹ yín bá máa rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa sọ fún un kó máa bu omi sí i, kó sì bo imú rẹ̀, nítorí eruku sílíkà máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kó má ṣe jẹ́ kí iná kàn án, torí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò fẹ́ ooru.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ dá a padà. A ó san gbogbo owó yín, títí kan èyí tí ẹ bá fi gbé e ránṣẹ́.