Eku Méjì Tí Òǹkọ̀wé Olówó-Oṣù Ń Lé

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa fún ẹni tó níṣẹ́ oṣù lọ́wọ́, tó tún ń kọ̀wé, tó sì fẹ́ máa tẹ ìwé ọ̀hún jáde fúnra rẹ̀ láìsí ilé ìtẹ̀wé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ní kó mú ọ̀kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Òwe ò parọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í pa. Iṣẹ́ oṣù kì í ṣe eku tí à ń lé. Ọwọ́ ti tẹ ìyẹn, ó ti wà nínú àpò. Eku méjì tó ṣì ń sá kiri ni ìwé tuntun tí ẹ ń kọ, àti ìwé tó ti jáde tí ẹ fẹ́ kó tà. Ẹni tó bá ń lé méjèèjì nínú wákàtí kan ṣoṣo tó rí lẹ́yìn iṣẹ́ ni òwe yìí ń bá wí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ó jókòó ní aago mẹ́jọ alẹ́ láti kọ orí keje. Kó tó kọ ìlà kan, ó ní kóun yára wo iye ẹ̀dà tó tà lónìí. Kò tà. Ó lọ tún àpèjúwe ìwé náà kọ lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tà á, ó fi ìpolówó ṣókí sórí Facebook, ẹnì kan dá sí i, òun náà fèsì. Ká tó wí, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Orí keje wà níbi tó wà lánàá, ìwé àtijọ́ ò sì torí ẹ̀ tà. Tó bá dọjọ́ kejì, iṣẹ́ oṣù ló máa di ẹ̀bi rù, á ní kò jẹ́ kóun ráyè.

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìwé kíkọ ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọkàn tó wọnú ẹ̀. Ìwé títà ń fẹ́ ìṣirò àti èsì kíákíá. Ọkàn tó ti fi gbogbo ọ̀sán ṣiṣẹ́ ọ̀gá, èyí tó bá tètè dá a lóhùn ló máa sá tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi wákàtí pín wọn, ọjọ́ ni kẹ́ ẹ fi pín wọn. Nígbà tí ìwé tuntun bá ṣì wà lọ́wọ́, kí ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ti kíkọ, kí wákàtí méjì ní àárọ̀ Sátidé gba gbogbo yòókù: ìpolówó, ímeèlì, àkọsílẹ̀ owó, èsì fún òǹkàwé. Ohun tó bá yọjú lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kó dúró de Sátidé. Bí ẹ bá wá kọ ìwé náà parí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ojú yín lè tún mọ́ sí i. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn àti èyí tí olóòtú máa fi mú un dání ni àsìkò ọjà. Ìgbà yẹn, ẹ polówó títí ó fi sú yín.

Wọ́n tún ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ 300 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 1,500 lọ́sẹ̀. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 60,000 á parí ní ọ̀sẹ̀ 40, ọ̀sẹ̀ 12 á sì ṣẹ́ kù nínú ọdún fún àìsàn, fún ìgbà tí iṣẹ́ bá le níbi iṣẹ́, àti fún àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ 300 ò ju ojú ewé kan lọ. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 45 jókòó tì í láìsí fóònù nítòsí á rí i kọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Anthony Trollope ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1834 títí di 1867, ó sì kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn lásìkò yẹn. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó tiẹ̀ ń sanwó fún ìránṣẹ́ kan kó máa jí i. Á fi ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ ka èyí tó kọ lánàá, lẹ́yìn náà á gbé aago síwájú, á máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15-15. Ẹ má ṣe fara wé e ní ti iye ọ̀rọ̀ o, ìyẹn ń lọ sí 1,000 ní wákàtí kan. Aago tó gbé síwájú yẹn ni kẹ́ ẹ mú, àti pé kì í dúró de ìmísí.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni gbèsè. Ẹnì kan ò rí 300 rẹ̀ kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun á kọ 600 ní Túsìdeè. Túsìdeè, iṣẹ́ há a mọ́, ó di 900. Nígbà tó máa fi di Fúráìdeè, iye yẹn ti ń dẹ́rù bà á, kò ní fẹ́ jókòó rárá. Ọjọ́ tó bá ti lọ ti lọ. Ọ̀la tún jẹ́ 300. Ọjọ́ ìsinmi kì í sì í ṣe ọjọ́ tí à ń san gbèsè àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ sinmi nínú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara á gbà á padà tipátipá.

Wákàtí wo ni kẹ́ ẹ mú? Irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́sàn-án ló máa sọ ọ́. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ kọ lẹ́tà àti ìròyìn fún ọ̀gá ti lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó délé, àárọ̀ ló dára fún un. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ṣiṣẹ́ lè rí i pé orí òun ṣì mọ́ lálẹ́, bí ara tilẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ iye ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye náà. Ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́ ò sábà tó láti kọ ohun tuntun, àmọ́ ó tó láti fi bíírò tún ojú ewé kan tí ẹ ti tẹ̀ sórí bébà ṣe, tàbí láti wò ó bóyá ojú ẹ̀dá ìtàn tó dúdú ní orí kejì ti pọ́n ní orí kẹsàn-án.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni bí ẹ ṣe ń dìde. Ẹ má kọ tán kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ dúró nígbà tí ẹ ṣì mọ ohun tó kàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní ìlà kan: “Ó máa ṣílẹ̀kùn, á rí i pé ẹnì kan ti tú àpótí náà, àmọ́ owó wà níbẹ̀.” Ẹni tó bá bá irú ìlà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ti wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá orí tó ti parí àti ojú ewé òfìfo nílẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú 45 rẹ̀ máa lọ sí ríronú ibi tó fẹ́ gbà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Ẹ wo ohun tó sọ nípa iṣẹ́ mìíràn: ṣé wọ́n kà á léèwọ̀ ni, àbí ẹ kàn ní láti sọ fún wọn? Ẹ wo ẹni tó ni ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe. Ẹ wo ohun tí wọ́n kà sí àṣírí. Lábẹ́ àdéhùn Berne lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, ẹni tó kọ̀wé ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ látìgbà tó ti kọ ọ́ sílẹ̀, láìlọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí òṣìṣẹ́ kọ gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ rẹ̀, ti ọ̀gá ni. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ojú ewé kan nínú ìwé yín, ímeèlì ibi iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ gba fáìlì lọ́wọ́ olóòtú. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbàṣẹ, ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀gá tó fi ẹnu sọ pé “kò burú” lè ti kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ ò gba àlàyé púpọ̀: bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ẹ má tà á níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ẹ ń kọ̀wé, ọjọ́ tí ẹ bá ṣe àṣìṣe kékeré, ìwé ló máa dẹ́bi fún.

A kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún kan kọ̀wé, tó wá lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya èèpo ìwé kó má bàa sanwó fún ayàwòrán, ìrẹ̀ ló ń wà. Owó oṣù wúlò níbí. Ẹ fi sanwó olóòtú, ẹ fi sanwó èèpo ìwé; gbígbé fáìlì sórí ìkànnì, ẹ lè ṣe ìyẹn fúnra yín. Ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ olóòtú tò tẹ̀ léra: àtúntò ìtàn ló ṣáájú, àtúnṣe gbólóhùn tẹ̀ lé e, wíwá àṣìkọ ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sanwó fún wíwá àṣìkọ kó tó tú orí mẹ́rin palẹ̀ á san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má jẹ́ kí ayàwòrán parí èèpo ìwé yíyà kí iye ojú ewé tó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ìwé, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti ń hàn tó bá wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, iye ojú ewé ló ń pinnu bó ṣe máa fẹ̀ tó. Lórí KDP, ìkànnì Amazon tí òǹkọ̀wé ti lè tẹ ìwé rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, bébà aláwọ̀ wàrà jẹ́ 0.0025 íǹṣì fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ìwé olójú ewé 300 á fẹ̀ ní 0.75 íǹṣì. Bí àtúnṣe bá sọ ọ́ di 340, ó ti di 0.85, orúkọ ìwé á sì ti yẹ̀ kúrò láàárín. Ẹ gba ẹ̀dà àyẹ̀wò kan kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kí ẹ sì kà á sókè. Bí ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún kan bá wà tí ẹ lè yọ, ìdí èyí ni kẹ́ ẹ lò ó sí, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé máa jáde. Ojú tó ti rẹ̀ kì í rí àṣìkọ; ohun tó mọ̀ pé òun kọ ló máa ń kà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ẹ máa fi ṣèlérí. KDP gbà kí àwọn èèyàn pàṣẹ ìwé orí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó tó jáde, àmọ́ fáìlì tó pé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn ní wákàtí 72 ṣáájú. Ẹni tí ọ̀gá lè rán nírìn àjò láìròtẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí fún ìwé tí kò tíì kọ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni KDP Select, ètò tó ń fẹ́ kí ìwé orí ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ Amazon nìkan: ọjọ́ 90 ni ìwé orí ẹ̀rọ yín ò fi ní wà níbòmíràn, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ ṣe tí ẹ ò bá yọ àmì rẹ̀ kúrò. Ẹni tó gbàgbé, tó gbé ìwé náà sórí ìkànnì mìíràn, ti tàpá sí àdéhùn láìmọ̀.

Owó ìwé máa ń pẹ́. Èyí tó tà nínú oṣù kan, bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí oṣù náà bá parí ni KDP tó ń san án. Ìwé orí ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 àti 9.99 lè mú ìpín 70 nínú 100 wá. Bó bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ìyẹn, 35 ni. Ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà máa ń kọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní W-8BEN. Níbi tí àdéhùn owó orí ò bá sí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n á yọ 30 nínú 100 lára ohun tó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó ìwé, kí olóòtú ìwé kejì sì jáde látinú rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá ná èrè ìwé àkọ́kọ́ tán, owó oṣù ló tún máa bẹ̀ fún ìkejì.

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá bú yín kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹ wo owó tí ìwé mú wá ní oṣù 12 tó tẹ̀ léra, kí ẹ yọ oṣù tí ìwé tuntun jáde kúrò nínú ìṣirò, nítorí ìyẹn máa ń ga ju àṣà lọ. Bí èyí tó kù bá ń gbọ́ bùkátà, tí ẹ sì ní oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà nípamọ́, ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì, adójútòfò ìlera àti ìsinmi olówó kún iye tí iṣẹ́ ń san. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé wọn. Ká tó wá fiṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ó sàn ká kọ́kọ́ béèrè fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ìwé tuntun ni kẹ́ ẹ fún ní ọjọ́ karùn-ún látàárọ̀ dalẹ́, kí ìpolówó ṣì dúró sí àárọ̀ Sátidé rẹ̀.