Eku inú ọgbà: ṣé ihò la ó kọ́kọ́ dí ni, àbí eku la ó kọ́kọ́ mú?

Ewéko_Tútù
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ihò mẹ́rin ló wà nídìí ògiri ọgbà, ọ̀kan tún wà lábẹ́ òkìtì ajílẹ̀. Eku ń hú irúgbìn tuntun jẹ, kò sì jẹ́ kí èso tó sún mọ́lẹ̀ pọ́n. Ẹnì kan ní kí n da sìmẹ́ǹtì síhò lónìí, ẹlòmíì ní kí n ra òògùn. Ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, ajá sì wà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹ dí i lónìí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà leku. Yàtọ̀ síyẹn, erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde lábẹ́ ògiri ń sọ ìpìlẹ̀ di òfìfo. Iyanrìn mẹ́ta sí sìmẹ́ǹtì kan, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ rọ́ ọ sínú ihò títí yóò fi kún.

Alápàkúté
Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí ẹ sọ dára, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Eku tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó máa ń ní ihò àsálà lẹ́yìn, èyí tó fi ewé tàbí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ẹ dí mẹ́rin tí ẹ rí lónìí, tó bá di ọ̀tunla ẹ lè bá ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ dí. Ohun tó wá burú jù ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹ̀ bá dẹ pàkúté sí, á ti yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ihò tí eku ń lò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rún bébà, ẹ fi dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n bá tì jáde, eku wà níbẹ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9, etí rẹ̀ á dán, aláǹtakùn ò ní ta sẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo ìgbẹ́ wọn náà. Èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tí ẹnu rẹ̀ kúlùbọ́, ti eku agbẹ́lẹ̀ ni. Tó bá gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lé díẹ̀, tó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, eku tó ń gun igi àti òrùlé ni. Nígbà náà, òkè ni kí ẹ gbójú sí.

Olùtọ́jú_Ọgbà
Gbogbo yín ti fo ohun tí eku ń jẹ. Eku ńlá kan ń jẹ bíi gíráàmù 20 sí 30 lójúmọ́, ó sì ń wá omi. Bí ọgbà bá ń fún un lóúnjẹ, kí ni yóò wá ṣe lẹ́nu pàkúté? Ẹ ṣa gbogbo èso tó bá já bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má dúró dàárọ̀, torí òru leku ń jẹun. Ẹ gbé àwo oúnjẹ ajá wọlé lálẹ́. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe. Bí ẹ bá ń gbé oúnjẹ kọ́ sígi fún ẹyẹ, ẹ dá a dúró ná, torí hóró tí ẹyẹ ń gbọ̀n sílẹ̀ ni eku ń ṣà. Inú agolo onírin tó ní ìdérí ni kí irúgbìn wà; ike ò jámọ́ nǹkan kan lójú eyín eku.

Òkìtì ajílẹ̀ yẹn ni mo fura sí jù. Kò gbọ́dọ̀ sí oúnjẹ sísè, ẹran, eegun tàbí ohun olóròóró nínú rẹ̀. Òkìtì tó gbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ilé ni lójú eku: ó móoru, ó rọ̀, oúnjẹ wà nítòsí. Ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì máa tú u lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gé gbogbo koríko ìdí ògiri náà lónìí.

Alápàkúté
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí oúnjẹ, mi ò gbà lórí koríko. Eku máa ń sá fún ohun tuntun. Ẹ yí ibi tó mọ̀ padà lójijì, yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣọ́ra, tàbí kó ṣí lọ sábẹ́ ilé. Ẹ kó oúnjẹ kúrò kí ebi máa pa á, kí ẹ sì fi koríko àti òkìtì igi sílẹ̀ títí ẹ ó fi mú wọn tán, torí ẹ̀gbẹ́ wọn ni yóò máa gbà kọjá lọ bá pàkúté.

Olùtọ́jú_Ọgbà
Ó dáa, koríko lè dúró. Òkìtì ajílẹ̀ ńkọ́? Bí a ò bá tú u, wọn ò ní kúrò níbẹ̀.

Alápàkúté
Ẹ máa tú òkè rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ níbi tí ihò wà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ń tọrọ.

Òògùn_Ló_Yá
Ẹ̀yin ń tú ajílẹ̀, eku ń bímọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré loyún eku, ó lè bí ọmọ 6 sí 12 lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ náà á sì ti lè bímọ bí wọ́n bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nínú òògùn tó ti wà báyìí, jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan lè tó. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, ẹ lọ sùn.

Dókítà_Ẹran
Ẹ má lọ sùn o, níbi tí ajá àti ọmọdé wà! Òògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ 3 sí 7. Láàárín àkókò yẹn, á máa rìn bí ẹni tí òòyì ń kọ́, òun gan-an sì ni ológbò, ajá àti òwìwí á rí pa. Èyí tó lágbára jù nínú wọn, bíi brodifacoum, lè wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹran fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Bí ajá bá jẹ òògùn náà, ẹ má dúró de àmì. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àmì tó hàn: èrìgì á funfun, á máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, okun á tán nínú rẹ̀. Ẹ mú páálí òògùn lọ́wọ́ lọ bá oníṣègùn ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, torí irú òògùn tó jẹ ló máa sọ bí ìtọ́jú yóò ṣe pẹ́ tó. Fítámínì K1 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá dá a dúró nítorí pé ajá ti ń ṣeré, ẹ̀jẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń po òògùn kòkòrò olómi mọ́ oúnjẹ fún eku, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Wọn ò ṣe é fún eku, ọmọ tó bá fọwọ́ kan án tó fi sẹ́nu lè kú.

Òògùn_Ló_Yá
Dókítà, mo gbà pátápátá lórí ti òògùn kòkòrò. Mo tún gbà pé òògùn oníhóró kò dára, torí eku máa ń gbé hóró kiri, ó sì ń tì í jáde nínú ihò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣù, tí a fi irin gún mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, tí a sì kan àpótí mọ́lẹ̀, ajá ò lè dé ibẹ̀. Bí eku bá ti lé ní ogún, pàkúté méjì ò lè ká wọn.

Dókítà_Ẹran
Àpótí lè dá ajá dúró kó má jẹ òògùn, kò lè dá a dúró kó má jẹ eku tó ti jẹ òògùn. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ máa wá òkú eku láràárọ̀, kó sì kó òògùn kúrò gbàrà tí wọn ò bá jẹ ẹ́ mọ́. Fífi tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ yípo ọdún wà lára ohun tó ń mú kí òògùn má ran eku mọ́. Ní 1958 ni wọ́n ti rí i ní Scotland pé àwọn eku kan ń jẹ warfarin, ọ̀kan lára òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yìí, tí wọn ò kú, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa eku.

Alápàkúté
Ta ló ní pàkúté méjì? Fún ihò márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́fà, méjìlá ló dáa. Ẹ kan àpótí onígi gbọọrọ tó ní ẹnu ọ̀nà ní ìkángun méjèèjì, kí ẹnu náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ gbé e ti ògiri, lójú ọ̀nà eku gan-an, níbi tí koríko ti tẹ́ bí ọ̀nà ẹsẹ̀. Pàkúté méjì ni kó wà ní àárín rẹ̀, kí wọ́n kọ̀yìn síra, kí ibi ìjẹ tọ̀tún kọjú sẹ́nu ọ̀nà ọ̀tún, tòsì sí tòsì. Kí wọ́n jìn sínú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé ò ní dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó dè ìdérí. Pàkúté tí ẹ bá dẹ síta gbangba, ẹyẹ ló máa mú.

Ìjẹ kò gbọ́dọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ẹ̀pà lílọ̀ dára torí ó ń lẹ̀, eku gbọ́dọ̀ fà á kó tó lè jẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe rèé: ẹ má dẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ẹ fi ìjẹ sí i láìdẹ ẹ́ fún bí alẹ́ márùn-ún sí méje. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán lálẹ́ méjì léraléra, ẹ dẹ gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó dẹ ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, ó ń kọ́ eku lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí sípíríìnì bá ti dẹ̀, ẹ pààrọ̀ pàkúté náà, torí kò ní pa eku, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ṣẹ́. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ewéko_Tútù
Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n. Ológbò ńkọ́? Wọ́n tún sọ̀rọ̀ káńfọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń dún létí eku.

Dókítà_Ẹran
Ológbò ń pa ọmọ eku àti ẹ̀lírí. Eku agbẹ́lẹ̀ tó ti dàgbà, ìyẹn le fún un. Ìwádìí kan jáde ní 2018 láti New York, níbi tí eku pọ̀ sí tí ológbò sì ń wọlé. Fún ọjọ́ 79, eku méjì péré ni wọ́n rí i tí ológbò pa. Àwọn yòókù kàn ń fara pamọ́ ni. Ti ẹ̀rọ olóhùn, eku máa ń mọ́ ọn lára, koríko àti igi sì ń dí ohùn náà lọ́nà. Káńfọ̀ léwu fún ọmọ tó bá gbé e mì, afẹ́fẹ́ ìta gbangba á sì gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ má ra pátákó onígọ́ọ̀mù. Eku á wà lórí rẹ̀ láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyà yẹn pọ̀ jù, aláǹgbá àti ẹyẹ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Bíríkìlà_Àgbà
Ó yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí pàkúté ṣiṣẹ́. Bí alẹ́ méje bá ti kọjá tí ẹ ò mú nǹkan kan, tí bébà sì dúró lẹ́nu ihò, ẹ wá wú ihò náà, ẹ tẹ erùpẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ tó lo sìmẹ́ǹtì tí mo sọ. Fọ́ọ̀mù lásán, á jẹ ẹ́ kọjá. Irin tí a fi ń fọ ìkòkò, òjò á jẹ́ kó dípẹtà, yóò sì rún.

Lẹ́yìn náà ni nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 12 lọ; bí ẹ̀lírí bá wà, ẹ lo mìlímítà 6. Ẹ gbẹ́ yàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀.

Alápàkúté
Ọgọ́ta á le fún ẹni tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ nẹ́ẹ̀tì náà síta ní sẹ̀ǹtímítà 30 mìíràn, bí ẹsẹ̀ bàtà. Eku máa ń bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́lẹ̀ nídìí ògiri gan-an. Tó bá kan irin, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa wá, kì í sábà rántí láti padà sẹ́yìn kó tún bẹ̀rẹ̀.

Bíríkìlà_Àgbà
Ní ilẹ̀ líle, mo gbà. Ní ilẹ̀ iyanrìn tó ń ya, mi ò ní dín in kù.

Olùtọ́jú_Ọgbà
Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ wá gé koríko. Ẹ fi ìwọ̀n mítà kan sílẹ̀ lófìfo nídìí ògiri, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ kó ajílẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà. Ekòló á ṣì máa gba ojú rẹ̀ kọjá. Igi tí ẹ tò jọ, kó ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30.

Dókítà_Ẹran
Ìtọ̀ eku lè kó àrùn leptospirosis ranni, ó sì ń gba ojú egbò wọlé. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi gbé òkú eku, kí ẹ sì fi ọ̀rá méjì dì í. Ẹ má gbá ìgbẹ́ wọn ní gbígbẹ. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún. Ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀ fún àrùn yìí, ẹ bi oníṣègùn rẹ̀.

Ewéko_Tútù
Ihò wà lẹ́yìn ògiri náà, lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ṣé iṣẹ́ yìí ò ní jẹ́ àṣedànù?

Òògùn_Ló_Yá
Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Àpótí òògùn ni kó wà lọ́hùn-ún.

Alápàkúté
Lọ́hùn-ún náà, pàkúté ni. Eku sábà máa ń rìn bíi mítà 30 sí 50 sí ihò rẹ̀, ọgbà méjèèjì ń bọ́ wọn nìyẹn. Ẹ jọ kó oúnjẹ kúrò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì dẹ pàkúté lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá parí, ẹ fi àpótí kan sílẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìjẹ, láìdẹ ẹ́, ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìjẹ bá ti dín, eku ti padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó di agbo.

Ewéko_Tútù
Bébà máa wọ ihò nírọ̀lẹ́ òní. Màá lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú.