Ewé lẹ̀ ń pè ní májèlé òyìnbó yẹn o

Ẹnì kan tún ju fóìsì sínú gúrúpù ẹbí wa lánàá, ìṣẹ́jú 7 gbáko, pé ewé tó ń pa jẹjẹrẹ wà, àwọn dókítà mọ̀, wọ́n kàn fi pamọ́ kí wọ́n lè máa rí kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ ti ilé ìwòsàn) tà ni, kí aláìsàn yáa sá fún májèlé òyìnbó kó máa mu omi ewé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ǹ bá dákẹ́, àmọ́ bùrọ̀dá tó fi í ránṣẹ́ yìí mọ̀ nígbà tí ọmọ àbúrò mi ń gba kẹ́mò.

Ta ló fi kí ni pamọ́? Ewé ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn! Òdòdó kan wà tó ń jẹ́ periwinkle, ti Madagásíkà, inú ẹ̀ ni wọ́n ti yọ vincristine àti vinblastine. Vincristine yẹn ni wọ́n gún fún ọmọ wa tórí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àtọdún 1963 ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ní 1952, wọ́n fi ewé yìí ránṣẹ́ láti Jàmáíkà, ó dé ọwọ́ Robert Noble, dókítà tó ń ṣèwádìí ní Kánádà, torí pé àwọn èèyàn ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ. Noble fún àwọn eku mu, ṣúgà ara wọn ò wálẹ̀. Ó wá gún un sí wọn lára, ni eku bá ń kú, àìsàn ló wọlé pa wọ́n torí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ojú ti là pé kiní yìí á wúlò fún jẹjẹrẹ, ṣebí sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn ló ń ya bo ara nínú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Charles Beer, onímọ̀ kẹ́míkà, wá bá a ya oògùn inú ẹ̀ sọ́tọ̀, 1958 ni wọ́n kéde vinblastine. Ewé kan náà o: èyí tí eku mu ò ṣe nǹkan kan, èyí tí wọ́n gún ló jà.

Kí wọ́n tó rí gírámù 1 vinblastine, ó tó 500 kílò ewé gbígbẹ. Ìkòkò wo lẹ fẹ́ fi sè é?

Wọ́n á ní ewé ò ní wàhálà. Hmm. Vincristine máa ń ba okùn tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín sí méjì jẹ́, irú okùn yẹn náà wà nínú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti ìka, ìdí nìyẹn tí ọmọ wa ò fi lè de bọ́tìnì ara ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń gún un sí, tó bá ṣèèṣì wọ omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ewé tí wọ́n ní ó pa jẹjẹrẹ ní lábù ńkọ́? Ọṣẹ náà ń pa á ní lábù, ẹ bu ọṣẹ mu.

Ewé míì lè wà tá ò tíì mọ̀ o, mi ò jiyàn. Àmọ́ èèpo igi yew tí wọ́n ṣa ní 1962, 1992 ni wọ́n tó fọwọ́ sí paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ tó tinú ẹ̀ jáde.

Mo bi bùrọ̀dá pé kílò mélòó ni kí aláìsàn sè. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n ṣáà fi ránṣẹ́ sáwọn náà ni.