Áàmù ẹ̀yìn tí ò níbùjókòó sípíríǹgì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ìlọrin yìí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ ká tú páálí wò? "Tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ ti rà á nìyẹn." Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ẹ̀wà lásán, a máa ń bù ú sọ́wọ́ wò ká tó sanwó, áàmù, irin abẹ́ ọkọ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tó máa gbé èèyàn dání lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ wá ni kí n fi àwòrán ara páálí rà!

BMW E46 ni mò ń wà, 330i. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ mọ̀ pé apá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ní trailing arm (áàmù gígùn tó nà síwájú láti ibi táyà), ó ní áàmù òkè, ó sì ní áàmù ìsàlẹ̀, orí áàmù òkè yẹn sì ni sípíríǹgì jókòó sí. Ìwúwo ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ló ń gbà á. Látìgbà tí mo ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó lè sún mọ́ ilẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti dà sínú jù, tó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú nìkan. Ìta ṣì dára, inú ti yọ wáyà. Bóòtù tí wọ́n fi ń tún camber (bí táyà ṣe dà sínú tàbí síta) ṣe, mo ti yí i dópin. Ìdí tí mo fi ń wá áàmù tó ṣeé fà gùn tàbí sún kì nìyẹn. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta táyà báyìí o.

Mo wọ ìsọ̀ kan ní Táíwò, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó. Mo ní áàmù òkè ni, tẹ̀yìn, kó ní ibùjókòó sípíríǹgì, kó jẹ́ búṣì rọ́bà (rọ́bà etí áàmù tí bóòtù ń gba inú rẹ̀), torí rod-end onírin (oríkèé irin tí kò ní rọ́bà) kì í pẹ́ nínú eruku àti ẹrẹ̀ tiwa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò. Ọmọ ìsọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, èyí tí ẹ ń wá gan-an nìyí." Mo ní kó tú u. Ó ní rárá. Ọ̀gá rẹ̀ dá sí i látinú yàrá, "Wàláhì, òun là ń tà fún gbogbo oní-BMW. Ó máa wọ̀ ọ́ geerege."

Nígbà tí mẹkáníìkì fi ọ̀bẹ la páálí, páìpù pupa fòò kan ló jáde, rod-end lórí, rod-end nídìí. Mo yí i sókè, mo yí i sódò. Kò síbi tí sípíríǹgì ó jókòó sí! Àwọn tó ti gbé sípíríǹgì kúrò níbẹ̀ lọ sára ṣọ́ọ̀kì torí eré ìje ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Nọ́ńbà páàtì, irú búṣì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, páálí ò kọ ọ̀kankan. "Racing" ló kọ gàdàgbà.

Mo gbé e padà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ: "A kì í gba ọjà táa bá ti tà. Ẹ gbé e fún wẹ́dà, kó jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn." Wẹ́dà! Ẹni tó ń jó géètì! Kí n wá kó àwọn ọmọ mi sórí ìyẹn lọ sí Ọ̀fà! Ó tún ní ṣé mi ò lè ta ọkọ̀ náà kí n fi ra Corolla. Ọkọ̀ mi ni! Owó mi ni mo fi rà á! Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí mi náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Corolla yẹn ti tó.

Mo wá ránṣẹ́ sí Ládípọ̀, l'Ékòó. Èyí dé, ó ní ibùjókòó, ó ní rọ́bà. Ṣé ó tán? Mẹkáníìkì fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ ń fì lófuurufú! Búṣì rọ́bà kì í yí lórí bóòtù, rọ́bà inú rẹ̀ ló ń lọ́. Tí ẹ ò bá jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un pa, gbàrà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, ó máa ya dandan. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti ń tún BMW ṣe kí wọ́n tó bí mi. Rọ́bà náà ti ya báyìí.

Ẹ̀yin alálàímẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ ń to táyà kó dúró dáadáa ńkọ́? Iwájú nìkan lẹ máa ń ṣe, ẹ ó ní ẹ̀yìn kì í ní àláímẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn E46 ní camber, ó ní toe (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta), àwọn ará Jámánì tó ṣe é fi bóòtù ẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ lè tún un ṣe! Ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe, odidi owó lẹ gbà.

Ó sú mi. Láti òní lọ, ẹni tó bá ti sọ fún mi pé "ó máa wọ̀ ọ́", kóun fúnra ẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ dè é, kó wá jókòó sẹ́yìn, ká jọ sáré dé Jẹ́bà ká sì sáré padà. Tá a bá dé ìsọ̀ ẹ̀ láyọ̀, mo máa kówó fún un.