Aristotle kọ́ ló sọ ọ́

Wọ́n tún ti jù ú sórí gúrúùpù láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú àwòrán ère Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, onírùngbọ̀n: "Ohun tí à ń ṣe léraléra là ń jẹ́. Torí náà, jíjẹ́ dáńtọ́ kì í ṣe ohun tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan, àṣà ni." Àmì iná mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Ó ti sú mi.

Aristotle ò sọ bẹ́ẹ̀. Will Durant, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sínú The Story of Philosophy tó jáde ní 1926. Mo ra ìwé náà ní àlòkù, mo ṣí i sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ Aristotle. Durant fa ọ̀rọ̀ Aristotle yọ, ó fi àmì àyọlò sí i. Ó wá fi gbólóhùn tirẹ̀ ṣàlàyé, kò sí àmì kankan lára ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún ṣí àmì fún ọ̀rọ̀ Aristotle, pé alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kì í mú ìgbà ìrúwé dé. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà, ẹ ó rí i. Gbólóhùn tó wà láàárín yẹn lẹ̀ ń pín kiri.

Wọ́n á ní ìtumọ̀ kan náà ṣá ni. Ó sún mọ́ ọn, mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú apá kejì Nicomachean Ethics, ìwé tó kọ lórí ìwà rere, Aristotle ní kí ẹni tó ń ṣe rere mọ ohun tó ń ṣe, kó yàn án nítorí rere náà fúnra rẹ̀, kí ìwà náà sì ti fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lánlọ́ọ̀dù wa láràárọ̀, tí àyà mi ń kan sìmẹ́ńtì, kó má baà fowó kún owó ilé. Tó bá jẹ́ àṣà nìkan ni, èmi ni ọmọlúàbí àdúgbò yẹn! Lẹ́yìn tá a kó jáde, mo rí i lọ́jà, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

"Kí ló dé tó o fi ń ṣe é?" Ìbéèrè yẹn ni Elizabeth Anscombe, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Intention, ní 1957, pé òun la fi ń dá ohun téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe mọ̀. Ọ̀dọ̀ Aristotle ló sì padà lọ láti wo bí èrò ṣe ń di ìṣe. Àṣà lásán ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Mo ti ya fọ́tò ojú ìwé Durant, mo ti jù ú sórí gúrúùpù. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tún fi tiyín ránṣẹ́ lọ́la.